Òkèlè ìrẹsì létí odò Mekong: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Laos, kí lẹ jẹ níbẹ̀?

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kan nínú wa ní òun ń múra àtilọ sí Laos, ó sì béèrè ohun tóun lè jẹ níbẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun òun á gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ fi tiyín kún un.

Bangkok ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọ rélùwéè alẹ́ lọ sí Nong Khai, ìlú Thailand tó wà lẹ́nu ààlà, mo gba orí afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994 sọdá odò Mekong, ó di Vientiane, olú ìlú Laos. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tó ni ilé tí mo dé sí rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kin khao laew bo?" Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?" Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Lédè wọn, kéèyàn jẹun àti kéèyàn jẹ ìrẹsì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ní mi ò tíì jẹ nǹkan kan. Ìyá fà mí lọ́wọ́, ó di orí ẹní.

Apẹ̀rẹ̀ oparun kékeré kan tó ní ọmọrí ló gbé síwájú mi. Tip khao ni wọ́n ń pè é. Mo ń wojú síbí, síbí ò yọjú. Ìyá ṣí ọmọrí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu ìrẹsì díẹ̀, ó fi ìka yí i títí ó fi ṣù, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi iyán bu ọbẹ̀, ó kì í bọ inú ata lílọ̀, ó di ẹnu. Ẹ̀yin ará mi, òkèlè ni! Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ Éṣíà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jókòó ti oúnjẹ tí ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ìyá náà dùn nígbà tó rí i pé mi ò bèèrè fọ́ọ̀kì. Ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò mí.

Khao niao lorúkọ ìrẹsì yẹn, ìrẹsì tó ń lẹ̀. Ẹ má rò pé ìrẹsì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni, tàbí pé ó jọ tùwó. Irúgbìn ọ̀tọ̀ ni. Wọn á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọn á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ oparun onígun ṣóṣóró, wọn á gbé e lé ẹnu ìkòkò tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ooru omi nìkan ni yóò sì sè é. Ìrẹsì ò fara kan omi rárá. Tó bá jinná, wọn á dà á sórí pákó, wọn á yí i síwá sẹ́yìn kí ooru rẹ̀ lè jáde, kí wọ́n tó kó o sínú tip khao. Hóró kọ̀ọ̀kan ṣì dá dúró tẹ́ ẹ bá wò ó. Ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn ará Laos a máa pe ara wọn ní luk khao niao, ìyẹn ọmọ ìrẹsì alálẹ̀mọ́, wọ́n sì ń fi yangàn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń lọ ni pé kó fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Mo rí àwọn àlejò tó da khao niao sínú abọ́ ọbẹ̀, tí wọ́n ń fi síbí gbá a kiri, tí wọ́n wá ní oúnjẹ Laos ò dùn. Òkèlè lẹ ń jẹ. Gbogbo nǹkan tó kù lórí ẹní, ọbẹ̀ òkèlè yẹn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta tam mak hoong lábẹ́ igi. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni, tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ìró odó. Ó ju áyù àti ata wẹẹrẹ sínú odó amọ̀, ó gún un díẹ̀, ó da ìbẹ́pẹ sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó gé tìmátì sí i, ó wá ń fi ọmọ odó gún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó tún ń fi síbí yí i pa dà. Kì í ṣe kó lè kúnná bí èlùbọ́. Kí adùn lè wọ inú ara wọn ni. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìkòkò kan. Padaek ló wà nínú rẹ̀: ẹja odò, iyọ̀ àti èèpo ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n ti pa pọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òórùn yẹn jáde, àlejò kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bo imú. Èmi ò bo tèmi. Ilé tí wọ́n ti ń se irú ni mo dàgbà sí. Mo mọ̀ pé ohun tó bá ń rùn báyìí nínú ìkòkò, ọbẹ̀ ló fẹ́ lọ tún ṣe. Mo jẹ ẹ́, ó kan, ó ta, iyọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, adùn rẹ̀ sì dúró lẹ́nu mi títí mo fi délé. Ní Thailand, wọ́n máa ń fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí tiwọn. Tèmi ni ti Laos.

Láti Vientiane mo wọ rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní December 2021 lọ sí Luang Prabang, nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìlú ọba àtijọ́ ni, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé láti 1995. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹ mok pa. Ẹja ni, tí wọ́n pò mọ́ ewé tíì, àlùbọ́sà, ata àti ewé kan tó rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí irun, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n fi ooru omi sè. Bí mo ṣe tú ewé yẹn tí èéfín rẹ̀ kọ lù mí lójú, mọ́ínmọ́ín elewé ìyá mi àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọbẹ̀ ìlú yẹn gan-an ni or lam. Ó ki, ikàn ń bẹ nínú rẹ̀, ẹran gbígbẹ ń bẹ níbẹ̀, awọ ẹfọ̀n náà ń bẹ níbẹ̀ (pọ́nmọ́, ẹ̀yin ará!), wọ́n sì máa ń gé igi kan tí wọ́n ń pè ní sakhan sí i. Ẹ má gbé igi yẹn mì. Ẹ rún un lẹ́nu, ẹ fa omi rẹ̀, kẹ́ ẹ tu ìyókù. Ó ń ta yẹ́ríyẹ́rí, ó ń mú ahọ́n kú díẹ̀. Ìdílé igi ìyèré wa ló ti wá, ẹni tó bá mọ ìyèré á dá a mọ̀. Wọ́n tún gbé khai paen wá, ewé tó ń hù nínú odò tí wọ́n sá gbẹ bí ìwé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi yánmọtí àti áyù wọ́n lójú, tí wọ́n dín. Jaew bong ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ata díndín tí awọ ẹfọ̀n wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀.

Mo pa dà sí Vientiane nígbà tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́ rìnrìn àjò lọ kàwé, ìdílé rẹ̀ sì ṣe ayẹyẹ baci fún un. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí 32 tí wọ́n ń pè ní khwan ló ń ṣọ́ ara èèyàn, pé ìrìn àjò lè tú wọn ká, nítorí náà wọ́n ń pè wọ́n wálé, wọ́n ń so òwú funfun mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń bọ orí á mọ ìdí tí mo fi dákẹ́. Laap ni oúnjẹ ọjọ́ náà: ẹran gígé wẹ́wẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́, ewé míńtì, ata, àti ìrẹsì tí wọn ò sè, tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ sí i. Laap yẹn náà ni wọ́n ń pe oríire lédè wọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í wọ́n níbi ìgbéyàwó àti ọdún tuntun wọn ní April. Ìyá so òwú mọ́ èmi náà lọ́wọ́.

Ó kù sí yín lọ́wọ́ o.

*

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ẹ ò sọ ti kọfí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi àti ọkọ mi wá láti London, gúúsù la lọ, sí Pakse, a sì gùn lọ sórí òkè Bolaven, níbi ìlú Paksong. Ó ga ju mítà 1,000 lọ, òtútù mú mi débi pé mo ra súwẹ́tà lọ́jà. Àwọn Faransé ló gbin kọfí síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ló ń ṣe é báyìí. Bàbá kan tó ní oko mú wa rìn láàárín igi kọfí rẹ̀, ó sì ní ká má yà kúrò lójú ọ̀nà tóun ń gbà. Mo rò pé nítorí ejò ni. Nítorí bọ́ǹbù ni. Láàárín 1964 sí 1973, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù tó lé ní mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù sílẹ̀ Laos, èyí tí kò bú nínú wọn ṣì wà nínú ilẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Bàbá yẹn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

Inú àpò aṣọ gígùn ni wọ́n ti ń sẹ́ kọfí náà, ó dúdú kirikiri. Mílíkì inú agolo á wà nísàlẹ̀ gíláàsì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rò ó. Tẹ́ ẹ bá mu ún tán, wọn á gbé tíì gbígbóná wá láìgba owó, ẹ fi ṣan ẹnu. Mo ra kílò méjì bọ̀ wálé, ó ti tán báyìí, ó ń dùn mí.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi khao jee mu ún. Búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé ni, wọ́n là á, wọ́n fi ẹ̀dọ̀ lílọ̀, kúkúḿbà àti ata sí i. Ó yó mi di ọ̀sán.

*

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni nínú wa lọ ṣàìsàn níbẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọtí líle wọn ni lao-lao. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Orúkọ rẹ̀ máa dùn mọ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá, torí ohùn ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì: ti àkọ́kọ́ ń já wálẹ̀, ó túmọ̀ sí ọtí, ti èkejì ń gòkè, orúkọ ilẹ̀ wọn ni. Bí ohùn yín bá ṣì, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí yín tìfẹ́tìfẹ́. Gíláàsì kékeré kan náà ló ń yí ká láàárín gbogbo ẹni tó jókòó. Mo mu díẹ̀ lábúlé Xang Hai, lójú ẹni tó ń pọn ọ́n, ó jóná lọ́fun bí ògógóró. Ìkòkò lao hai ni mo fẹ́ràn jù. Ọtí ìrẹsì tí wọn ò sè ni, gbogbo wa tẹ̀ síwájú, oníkálukú fi ọ̀pá oparun gígùn fà á mu.

Àmọ́ ní November 2024, ní Vang Vieng, àlejò mẹ́fà kú nítorí ọtí tó ní methanol nínú: ọmọ Australia méjì, ọmọ Denmark méjì, ọmọ Britain kan, ọmọ Amẹ́ríkà kan. Ẹ rántí Òde-Ìrèlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, májèlé kan náà ni. Ahọ́n ò lè dá a mọ̀. Nílùú kan tí mo sùn, ilé ọtí kan ń pín ọtí líle lọ́fẹ̀ẹ́ fún àlejò, mo kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan mímu, ẹ gba bíà tí wọ́n ṣí lójú yín. Beerlao ni gbogbo ìlú ń mu, yìnyín ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín lọ́jọ́ kejì tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, ẹ má pè é ní àmupara lásán. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ẹja odò tútù tí iná ò kàn, tí wọ́n ń pè ní koi pa, ẹ má jẹ ẹ́. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata kì í pa á. Iná ló ń pa á. Laap tútù náà wà, ẹ ní kí wọ́n bá yín se tiyín.

*

Ẹ kú làálàá o. Ìbéèrè kan ṣoṣo: Mùsùlùmí ni mí, ṣé mo lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀?

*

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ni. Ẹ máa rí i jẹ, àbúrò mi. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ lóúnjẹ wọn, mi ò ní parọ́ fún yín. Khao soi Luang Prabang, ìyẹn núdù inú omi ọbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́ gbólóhùn yìí, "bo kin mu," mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹja inú ewé, ìbẹ́pẹ gígún àti ìrẹsì wà níbi gbogbo. Fún ẹran tí wọ́n pa nílànà ẹ̀sìn, ẹ lọ sí àárín ìlú Vientiane, mọ́sálásí wà níbẹ̀, àwọn ará Íńdíà sì ń ta oúnjẹ nítòsí rẹ̀.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí mo jẹun tán, mo dìde, mo fi apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì sílẹ̀ láìdé e. Ìyá ò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó mú ọmọrí, ó dé e, ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi lóde pé kì í ṣe oríire kéèyàn fi í sílẹ̀ gbayawu. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo máa ń dé e.