Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi méjì ń jà lórí Notre Dame àti Alabama, èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́

Bàbá Dámi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dáadáa pọ̀ níbí. Dámi, àkọ́bí mi, wà ní yunifásítì Notre Dame ní South Bend, àbúrò ẹ̀ Fọlá wà ní Alabama, ní Tuscaloosa. Látọjọ́ Sunday, December 7, tí wọ́n ti ka orúkọ tíìmù méjìlá tó máa gbá playoff ti 2025 yìí (ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa gba ife gbogbo Amẹ́ríkà), kò sí àlàáfíà mọ́. Wọ́n mú Alabama, wọ́n fi Notre Dame sílẹ̀. Fọlá ń fi oríṣiríṣi àwòrán yẹ̀yẹ́ ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹbí, Dámi bínú ó jáde nínú group, ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ títí kò wọlé padà. Wọ́n ń bọ̀ nílé fún Kérésì, àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò pé èmi ni kí n dá ẹjọ́ náà, ibi tí mo bá fi sí ni abẹ gé.

Dámi ní Notre Dame borí nínú mẹ́wàá, wọ́n pàdánù méjì péré, Miami na wọ́n 27-24, Texas A&M na wọ́n 41-40, tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ póíǹtì mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, àwọn tíìmù méjèèjì tó na wọ́n yẹn sì wà nínú playoff, látìgbà náà wọ́n ń borí léraléra títí ọdún fi parí. Alabama ní tiẹ̀ pàdánù mẹ́ta, àṣekágbá SEC (kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì, ìyẹn ẹgbẹ́ tíìmù, tí Alabama wà) tí wọ́n gbá kẹ́yìn Georgia fọ́ wọn 28-7. Fọlá ní ṣe bí Alabama náà ló na Georgia yẹn 24-21 ní Athens, nílé wọn, ní September, àti pé ẹ̀gbọ́n òun kàn ń ka iye ni, kò wo àwọn tí wọ́n borí. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé Miami tún kó sí i, ó ní àwọn méjèèjì ń pariwo lásán, Miami na Notre Dame lójúkojú, àwọn náà 10-2 (wọ́n borí mẹ́wàá, wọ́n pàdánù méjì), kí ló tún kù?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà? Báwo ni kí n ṣe dá a tí ìkan nínú wọn ò fi ní rò pé mo fẹ́ràn ìkejì ju òun lọ? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa ni mo mọ̀, níbẹ̀ táblì ló ń sọ̀rọ̀, ti ibí yìí àwọn kan ló ń jókòó mú èèyàn.

Bàbá Tóbi (Dallas):
Ẹ kú ìnira o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń mú un, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tíìmù tó wà ní ipele òkè yìí lé ní 130, gèèmù méjìlá ni wọ́n ń gbá kí àṣekágbá tó dé, kò sí bí gbogbo wọn ṣe lè pàdé ara wọn bíi ti Premier League, ìdí nìyẹn tí táblì ò fi lè dá a. Kọmítì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá ló ń to tíìmù 25, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní November, wọ́n á máa tò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti season 2014 títí dé 2023 mẹ́rin ni wọ́n ń mú, láti 2024 ó di méjìlá. Nínú méjìlá yìí, márùn-ún jẹ́ ti àwọn tó gba ife kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì wọn tí ráńkì wọn ga jù, méje tó kù kọmítì ló ń fi ojú ara wọn mú un. Lọ́dún yìí Duke ló gba ife kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì ACC pẹ̀lú 8-5, ráńkì wọn ò dé ibi kankan, ni Tulane àti James Madison tí wọ́n gba ife kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì kéékèèké bá wọlé pọ̀. Tí Dámi bá ń sọ pé James Madison ló gba ààyè àwọn, ẹ sọ fún un pé òfin ló mú wọn wọlé. Àwọn méje yẹn ni ìjà wà lé lórí, àwọn tó sì dù ú gbẹ̀yìn ni Alabama, Miami, Notre Dame àti BYU.

Akin T. (Tallahassee):
Ẹ̀gbọ́n, Florida State ni mo ti kàwé jáde, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán lọ́kàn mi látọdún 2023. Gèèmù mẹ́tàlá la gbá, mẹ́tàlá la borí, a gba ife ACC, wọ́n tún já wa sílẹ̀! Jordan Travis, quarterback wa (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí tíìmù), ló fẹsẹ̀ ṣẹ́ nínú gèèmù North Alabama ní November, síbẹ̀ àwọn ọmọ yẹn na Florida 24-15 ní Gainesville, wọ́n tún fi Brock Glenn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yẹn, na Louisville 16-6 nínú àṣekágbá. Kọmítì ní láìsí Travis tíìmù wa ti yàtọ̀, wọ́n fi wá sí ipò karùn-ún, wọ́n fi Alabama tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan sí ipò kẹrin.

Ẹ wá wo 2014 o. Ohio State gbé quarterback kẹta, Cardale Jones, lọ sí àṣekágbá kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì Big Ten torí àwọn méjì tó wà níwájú ẹ̀ ti ṣèṣe, wọ́n na Wisconsin 59-0, kọmítì mú wọn, TCU tó wà ní ipò kẹta, tó na Iowa State 55-3 lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ni wọ́n já wálẹ̀ sí ipò kẹfà. Ohio State tó ní quarterback kẹta yẹn ló gba ife! Ta ló wá lè jókòó sínú yàrá kan kó sọ ohun tí quarterback tuntun máa ṣe lọ́la? Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé Georgia ṣáà na yín 63-3 ní Orange Bowl (bowl ni gèèmù ńlá tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn tí season bá parí), àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wa ò gbá gèèmù yẹn rárá, ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀, àwọn míì ti ń múra NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ohun tí tíìmù ti ṣe lórí pápá ni kí ẹ fi dájọ́. Ẹ sì bá mi bi Fọlá léèrè, ta ló na Alabama 31-17 ní August? Florida State ni, a sì parí ọdún yìí ní 5-7.

Ìyá Ìbejì (Atlanta):
Akin, mo bá ẹ kẹ́dùn ti 2023, ìyà gidi ni wọ́n fi jẹ yín. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, má jẹ́ kí bàbá Dámi ṣe bẹ́ẹ̀. Gèèmù Florida State yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn ẹ̀ Alabama na Georgia, wọ́n na Vanderbilt, wọ́n na Missouri, wọ́n na Tennessee, ọ̀sẹ̀ tẹ̀lé ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ló ní ráńkì nígbà tí wọ́n pàdé wọn. Sọ tíìmù míì tó ṣe irú ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ti àṣekágbá tí wọ́n pàdánù ńkọ́, tí Alabama ò bá débẹ̀ 10-2 làwọn náà ò bá wà, bíi Notre Dame gẹ́lẹ́. Notre Dame ò sí nínú kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì kankan fún bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n wà nílé lọ́sẹ̀ yẹn wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá ń fìyà jẹ ẹni tó dé àṣekágbá, ta ló máa fẹ́ dé bẹ̀ mọ́? Ní 2024 SMU pàdánù àṣekágbá ACC sọ́wọ́ Clemson 34-31, Clemson fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti yáàdì 56 nígbà tí àkókò tán, kọmítì ṣì mú SMU, Alabama tó ní 9-3 ni wọ́n fi sílẹ̀, mo sì sọ nígbà yẹn pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà ni mò ń sọ báyìí.

Bàbá Tóbi (Dallas):
Ìyá Ìbejì, BYU ńkọ́? Àwọn náà dé àṣekágbá Big 12 pẹ̀lú 11-1, Texas Tech na wọ́n 34-7, wọ́n já wọn láti 11 sí 12, ó tán. Georgia na Alabama 28-7, ipò 9 tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Tí ẹni tó pàdánù àṣekágbá ò bá gbọ́dọ̀ jìyà, kó má jẹ́ ẹnìkan ló máa jẹ ẹ́.

Ọlálékan (Detroit):
Ẹ jẹ́ n fi ti 2022 kún un, torí ọmọ wa Olusegun Oluwatimi wà nínú ẹ̀, òun ni center Michigan (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún quarterback) lọ́dún yẹn, ó gba àmì ẹ̀yẹ Rimington àti Outland pọ̀. TCU pàdánù àṣekágbá Big 12 sọ́wọ́ Kansas State, 31-28 ní overtime, kọmítì ò já wọn, ipò kẹta ni wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n bọ́ sí pápá wọ́n na Michigan wa 51-45. Nígbà tó di fáínà, Georgia fi 65-7 lu TCU yẹn kan náà. Ṣé TCU yẹ níbẹ̀ àbí kò yẹ? Tó bá jẹ́ gèèmù àkọ́kọ́ lẹ fẹ́ fi dá a, ó yẹ. Tó bá jẹ́ ìkejì, ẹ máa ní kò yẹ. Èmi ò fi èyíkéyìí nínú wọn dá a, ohun tí wọ́n ti ṣe kó tó di December ló mú wọn débẹ̀.

Bàbá Dámi, ohun tí mo rí ni pé ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ọmọ yín gbé wá. Fọlá ń sọ tíìmù tó lágbára jù, ẹni tó lè na ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé sí iwájú ẹ̀. Dámi ń sọ tíìmù tí iṣẹ́ ẹ̀ dáa jù, tí èrè tọ́ sí. Kọmítì fúnra wọn kì í yà á sọ́tọ̀, ìgbà míì wọ́n á fi ti àkọ́kọ́ mú èèyàn, ìgbà míì wọ́n á fi ti ìkejì, ìyẹn ló ń bí àwọn èèyàn nínú lọ́dọọdún. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ káwọn ọmọ fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n fẹ́ kí ẹ dá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kò ní yé ara wọn.

Àǹtí Ṣadé (South Bend):
Èmi ń gbé South Bend níbí, ẹ jẹ́ n gbèjà Dámi díẹ̀. Notre Dame ò kọ́ hostel ọ̀tọ̀ fáwọn agbábọ́ọ̀lù, àárín àwọn ọmọ iléèwé yòókù ni wọ́n ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, torí náà àwọn tí Dámi mọ̀ lójú ló ń sọ̀rọ̀ wọn. Miami sì kọ́ ló dun àwọn ara ibí, láti August 31 la ti mọ̀ pé Miami na wa. Èyí tó dun èèyàn ni pé nígbà tí ráńkì àkọ́kọ́ jáde ní November, Notre Dame wà ní ipò 10, Miami wà ní 18, àwọn méjèèjì ti pàdánù méjì méjì nígbà yẹn. Ṣé Miami ò tíì na wọ́n ni? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi Notre Dame síwájú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Notre Dame na Stanford 49-20, Alabama na Auburn 27-20, wọ́n wá gbé Alabama kọjá wọn. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn Notre Dame ò gbá, Miami ò gbá, wọ́n pààrọ̀ ipò wọn. Alága wọn, Hunter Yurachek, ṣàlàyé pé ìgbà tí BYU jábọ́ tí Miami àti Notre Dame wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn làwọn wá wo gèèmù tí wọ́n jọ gbá. Kí ló dé tó fi di ìgbà yẹn? Ẹni tó na ẹ́ lórí pápá, tí iye tí ẹ pàdánù sì dọ́gba, iwájú ẹ ló yẹ kó wà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò bá má fọkàn sí i níbí.

Ẹ tù ú nínú kí ẹ tó dá ẹjọ́ kankan. Ẹ sì sọ fún Fọlá kó yọ àwọn àwòrán yẹn kúrò kó bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀.

Akin T. (Tallahassee):
Àǹtí Ṣadé, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ mi ò fẹ́ràn bí Notre Dame ṣe ní àwọn ò gbá bowl kankan mọ́. Àwọn ọmọ tó ń lo ọdún wọn tó kẹ́yìn ì bá tún gbá ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Bàbá Dámi:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo pe Dámi lálẹ́ àná mo jẹ́ kó sọ gbogbo tinú ẹ̀, mi ò dá a lóhùn títí ó fi parí, ó ti wọ group padà. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. Fọlá á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lójú gbogbo wa. Mo máa ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ Ọlálékan, èmi sì máa sọ pé ti iṣẹ́ tí tíìmù ṣe ni mo fẹ́ dá. Miami wà níwájú Notre Dame, wọ́n jọ gbá a, wọ́n nà wọ́n, iye tí wọ́n pàdánù dọ́gba, Dámi á gbà á bó tiẹ̀ dùn ún. Láàárín Notre Dame àti Alabama, mi ò ní ka àṣekágbá SEC sí Fọlá lọ́rùn, ìyá Ìbejì ti là mí lójú níbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá yọ ìyẹn kúrò, Florida State tó parí ní 5-7 ṣì wà níbẹ̀, póíǹtì mẹ́rìnlá ni wọ́n sì fi nà wọ́n, Notre Dame ò pàdánù sọ́wọ́ irú tíìmù bẹ́ẹ̀. Notre Dame ni mo máa mú.

Ìyá Ìbejì (Atlanta):
Mi ò fara mọ́ ọn o, bàbá Dámi. Tí ẹ bá fi ẹni tó na wọ́n dájọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹni tí wọ́n nà náà dá a. Ta ni Notre Dame nà tó dà bíi Georgia ní Athens? USC 34-24 ló dáa jù nínú tiwọn. Ẹ bi Dámi ní ìbéèrè yẹn kí ẹ tó la ẹnu.

Bàbá Dámi:
Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Mà á bi í, mà á sì dúró gbọ́ èsì ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ni Alabama máa gbá?

Bàbá Tóbi (Dallas):
Friday, December 19, wọ́n ń lọ bá Oklahoma ní Norman, aago mẹ́jọ alẹ́ Eastern, méje tiwa ní Texas. Oklahoma yẹn ló na Alabama 23-21 ní Tuscaloosa ní November. Miami ń lọ bá Texas A&M ní College Station lọ́jọ́ Saturday.