Báwo ni mo ṣe lè fi Universal Ctags ṣe atọ́ka kóòdù wa, kí n sì fi tèmi kún iṣẹ́ náà?

Ọmọ_Ọ̀ṣun:
Mo kí gbogbo ilé, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ tí kóòdù rẹ̀ wà nínú fáìlì tó lé ní 2,000. Èdè C ni púpọ̀ nínú wọn, Python sì ni ìyókù. Grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ni mo fi ń wá function (apá kóòdù tó ní orúkọ tó sì ń ṣe iṣẹ́ kan), ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ ni grep ń kó wá, nígbà tó jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ gan-an ni mò ń wá. Ẹnìkan ní kí n lo ctags, irinṣẹ́ tó ń ṣe atọ́ka ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù. Mo tẹ `ctags -R .` lórí Mac mi, ó ní òun kò mọ `-R`, èyí tó yẹ kó mú un wọ gbogbo fódà inú iṣẹ́ náà. A tún ní èdè kékeré kan tí a fi ń ṣètò àwọn ọjà wa, tí orúkọ fáìlì rẹ̀ ń parí sí `.eto`, tí a sì fi Yorùbá sọ àwọn apá inú rẹ̀ lórúkọ. Ṣé a lè kọ́ ctags ní irú èdè bẹ́ẹ̀? Ó sì wù mí láti fi nǹkan kún irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àmọ́ n kò tíì gbọ́ èdè C dáadáa. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Atọ́ka:
Àbúrò, ctags tó dá ọ lóhùn kọ́ ni ẹni yẹn ń sọ. Ken Arnold ló kọ́kọ́ kọ ctags fún BSD, irú Unix kan, irú ti BSD yẹn ló sì wà lórí Mac rẹ. Darren Hiebert kọ Exuberant Ctags lẹ́yìn náà, èyí tó dúró sí ẹ̀dà 5.8 tó jáde ní 2009. Universal Ctags ló gba iṣẹ́ náà ṣe láti ibẹ̀, orí GitHub ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di òní.

`brew install universal-ctags` (brew ni irinṣẹ́ tí a fi ń gbé ètò sórí Mac) tó fún ẹni tó kàn fẹ́ lò ó. Ìwọ tí o fẹ́ kópa, mo rọ̀ ọ́ pé kí o ṣẹ̀dà kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú git, kí o wọ inú fódà náà, kí o sì tẹ `./autogen.sh`, lẹ́yìn náà `./configure --prefix=$HOME/.local`, lẹ́yìn náà `make` àti `make install`. Fi libjansson sórí kọ̀ǹpútà kí o tó tẹ configure, torí pé láìsí i, ctags rẹ kò ní lè kọ atọ́ka ní JSON, ìlànà kan tí a fi ń kọ dátà. Yẹ `ctags --version` wò: bí Universal Ctags kò bá sí ní ìlà àkọ́kọ́, èyí àtijọ́ ló ṣì wà níwájú nínú PATH rẹ, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ.

Nígbà tí o bá wá tẹ `ctags -R` nínú iṣẹ́ yín, fáìlì kan tó ń jẹ́ `tags` yóò jáde. Nínú Vim, ètò tí a fi ń kọ kóòdù, Ctrl-] ni yóò gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti kọ function, Ctrl-T ni yóò sì dá ọ padà.

Ìyá_Kóòdù:
Ẹ kú làákàyè, Àgbà. Ọmọ_Ọ̀ṣun, a lè kọ́ ọ ní èdè yín láìkọ ìlà C kankan. Ṣẹ̀dá fódà `.ctags.d` nínú iṣẹ́ yín, kí o sì kọ èyí sínú `eto.ctags`:

```
--langdef=Eto
--map-Eto=+.eto
--kinddef-Eto=a,apa,apa oja
--regex-Eto=/^apa[ \t]+([a-zA-Z_]+)/\1/a/
```

Ìlà ìkẹyìn ló ń sọ fún un pé kí ó mú orúkọ tó bá tẹ̀ lé `apa`. Orúkọ fáìlì náà gbọ́dọ̀ parí sí `.ctags`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní kà á.

Ní ti kíkópa, èdè tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yín nìkan kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ sí fódà `Units` nínú kóòdù Universal Ctags, níbi tí àwọn ìdánwò rẹ̀ wà. Bí o bá rí function Python kan tí ctags fò dá, gé kóòdù náà kúrú títí yóò fi ku ìlà mélòó kan tí àṣìṣe náà ṣì wà nínú rẹ̀. Fi í sí `input.py` nínú fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.d`, lábẹ́ `Units/parser-python.r`, kí o kọ èsì tó yẹ kó jáde sí `expected.tags`, kí o sì tẹ `make units LANGUAGES=Python`. Ẹni tó bá mú irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ wá ti ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà, bí kò bá tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Ṣáájú pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba kóòdù rẹ wọlé), gba àṣẹ ọ̀gá rẹ bí kóòdù náà bá ti ibi iṣẹ́ wá, torí pé abẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó gba gbogbo ènìyàn láyè láti lo kóòdù kí wọ́n sì pín in, ni yóò bọ́ sí.

Ọmọ_Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mac ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì `.eto`, ó rí `apa epo`, kò rí `apa ọkà` rárá, ó sì sọ `apa gàrí` di `g` lásán.

Ìyá_Kóòdù:
Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn. `[a-zA-Z_]` tí mo kọ kò mọ lẹ́tà tó ní àmì, nítorí náà ibi tó bá ti pàdé àmì ló ti ń dúró. Fi `([^ \t]+)` rọ́pò rẹ̀, yóò gba gbogbo ohun tí kì í ṣe àlàfo.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí ẹ tètè bójú tó. Kọ̀ǹpútà lè kọ «ọ» gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ìyẹn U+1ECD, tàbí gẹ́gẹ́ bí «o» tí U+0323 tẹ̀ lé. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, ṣùgbọ́n báìtì ni ctags ń fi wé ara wọn. Bí ìwọ bá tẹ `ọkà` ní ọ̀nà kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ tẹ̀ ẹ́ ní òmíràn, atọ́ka yóò ní orúkọ méjì, Ctrl-] kò sì ní rí èkejì. Ẹ sọ gbogbo fáìlì `.eto` di NFC, ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ tó ṣe atọ́ka; `unicodedata.normalize` inú Python yóò ṣe é fún yín.

Ọmọ_Ọ̀ṣun:
Mo ti ṣe é. Ọ̀nà méjèèjì ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́: fáìlì 14 ló yí padà. `ọkà` àti `gàrí` ti wà nínú atọ́ka báyìí.