Èlú ni igi, aró kọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjíròrò yìí, mo kí yín o. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa dá lórí ìwé ewéko fún àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí a máa pe igi tí òyìnbó ń pè ní indigo ní "igi aró", kí a sì máa pe àwọ̀ rẹ̀ nínú òṣùmàrè ní "àwọ̀ èlú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ.

Igi náà lórúkọ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Èlú ni. Inú igbó ló ti ń hù fúnra rẹ̀, a máa gun igi mìíràn lọ sókè, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni, èso rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ. Ẹ já ọ̀mùnú ewé rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ kó rọ, ẹ ó rí i tí yóò máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lonchocarpus cyanescens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ọ̀pọ̀ wọn tó sọ ọ́ di Philenoptera cyanescens. (Àwa ni wọ́n ń sọ pé orúkọ wa kì í dúró sójú kan!)

Aró ńkọ́? Ìkòkò ló ti ń jáde. Aláró á gún ewé èlú nínú odó, á ṣù ú, á sá a sóòrùn. Á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, á da omi lé e, kí omi eérú máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yẹn ló máa fi rẹ èlú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé. Kódà, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde, ó ṣì máa ń jọ ewé tútù. Ojú wa níbẹ̀ ni atẹ́gùn á ti fẹ́ sí i, tí yóò di aró. Ta ló wá rí aró lórí igi?

Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ Sàró (Sierra Leone) wá, pé wọ́n ń pe igi yìí kan náà ní gara, aṣọ tí wọ́n fi rẹ sì ń jẹ́ gara. Òótọ́ ni, àmọ́ tiwọn nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ la fi sọ aṣọ tiwa lórúkọ: a dì í, a rẹ ẹ́, ó di àdìrẹ.

Ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí kò ní ewé kankan nínú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró wa pẹ̀lú sódà tí wọ́n fi rọ́pò omi eérú, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930. Síbẹ̀ aró ni aró ń jẹ́, yálà ewé ló ti wá tàbí inú agolo. Agbè ló laró, kì í ráhùn aró. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé agbè ló lèlú.

Ohun tó kù tó lè fa àríyànjiyàn ni Indigofera, ewéko mìíràn tí wọ́n ń fi ṣe aró, tí àwọn aláró Kano ń lò nínú kòtò aró wọn. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà lòun náà, ṣùgbọ́n kì í gun igi, ewé rẹ̀ sì kéré sí ti èlú. Baba ni Hausa ń pè é, èyí tí mi ò lè gbé síwájú ọmọ Yorùbá láìjẹ́ pé kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. "Èlú kúkúrú" ni mo fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ní èyí tí àwọn ará ìlú yín ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e wá, mo ṣe tán láti ju tèmi nù.