Ìtọ́jú eléré lórí pápá: kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Alápò_Ìkòròdú

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 la ní ní Ìkòròdú níbí, èmi ni wọ́n gbé àpò ìtọ́jú lé lọ́wọ́. Mo ní NCE nínú PHE (ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera), mo sì mọ orúkọ eegun dáadáa, àmọ́ orúkọ eegun kọ́ ni wọ́n ń béèrè nígbà tí ọmọ bá nà gbalaja tí gbogbo pápá ń wo ojú ẹni. Ohun tó wà nínú àpò ò ju àbòníkí, òwú, sípíríìtì, báńdéèjì kan àti Paracetamol lọ.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ìkíní, nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eléré yìí, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbájú mọ́, èwo ló lè dúró? Ìkejì, ẹsẹ̀ rírọ́ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Kóòṣì máa ń ní kí n fi àbòníkí ra á dáadáa kí ọmọ lè padà wọlé. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Fisió_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Kí n ti orí ìkejì bẹ̀rẹ̀, torí ẹ lè nílò ẹ̀ lọ́la: ẹ má fi àbòníkí ra ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́.

Tí ẹsẹ̀ bá yí sínú, iṣan tó wà níwájú kókósẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìta ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Ibẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú, òun lẹ̀ ń rí tó ń wú. Ooru àti ọwọ́ líle á mú ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i. Àbòníkí á sì bo ìrora mọ́lẹ̀, ọmọ á gbà pé ara òun ti yá, á padà wọlé, á tún fi ẹsẹ̀ kan náà gúnlẹ̀ nígbà tí iṣan tó yẹ kó dì í mú ò lágbára mọ́. Fún wákàtí 48 sí 72 àkọ́kọ́, kò sí ooru, kò sí fífọwọ́ra, kò sí eré sísá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan báńdéèjì, ẹ wádìí bóyá eegun ti ṣẹ́. Àwọn dókítà ní ìlú Ottawa, ní Kánádà, gbé ìlànà kan jáde ní 1992 tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi orí ìka kan ṣoṣo tẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀, láti sẹ̀ǹtímítà 6 lókè wá sí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀, lápá ìta àti lápá inú. Ẹ tún tẹ kókó tó yọ ní àárín ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, àti eegun tó yọ díẹ̀ lápá inú, níwájú kókósẹ̀. Tó bá jẹ́ eegun gan-an ló ń dùn ún níbi kankan nínú wọn, tàbí tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ì báà tiẹ̀ máa tiro, X-ray ló kàn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà: ibi tí eegun ti ń gùn wà nítòsí ṣóńṣó kókósẹ̀ yẹn, ó sì lè yẹ̀ kí iṣan tó ya. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun kí wọ́n tó yàwòrán rẹ̀.

Tí eegun bá yè, báńdéèjì tó ń fà ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ máa wé e gòkè, kí ó gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yí kókósẹ̀ po bíi nọ́ńbà 8, kí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wé e bo ìdajì èyí tó ṣáájú. Ẹni tó bá ti òkè wé e wálẹ̀ ń ti wíwú náà lọ sí ọmọ ìka ni. Ẹ fi àwọn ọmọ ìka sílẹ̀ síta. Ẹ tẹ èékánná kan kó funfun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Tó bá pẹ́, tàbí tí ìka tutù, tàbí tó ń ta á bí abẹ́rẹ́, ẹ tú u, ẹ wé e jẹ́jẹ́.

Píọ̀ wọ́tà tó ti dì tó fún yìnyín. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó tutù wé e, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ tún un ṣe ní wákàtí méjì-méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìrora ló ń dín kù, kì í so iṣan. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e lé awọ lásán, á jó o. Kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Jíjókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ẹsẹ̀ wà lórí àga kejì ò tó.

Ọjọ́ tó bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó lè sáré, tó sì lè yí padà lójijì láìsí ìrora, ló tó padà wọlé. Kó tó dìgbà náà, kó máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó kọ́kọ́ lajú, lẹ́yìn náà kó dijú. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan náà máa rọ́ lemọ́lemọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n Fisió ti tán ti ẹsẹ̀. Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ohun tó lè pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́: ọkàn, ooru, orí. Ìyókù lè dúró.

Ọmọ tó bá ṣubú láìsí ẹni tó kàn án, ẹ kà á sí ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣe ṣubú ní Surulere ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, 1989, nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù. Ẹ má da omi lé e, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ara rẹ̀ lè gbọ̀n bíi ti oníwárápá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lè máa mí gúlegúle. Méjèèjì ló ń tan èèyàn jẹ. Tí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹnì kan pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767, kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀: kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àyà padà sókè pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, torí ẹni tó ti rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ lórí-lórí láìmọ̀.

Ooru: etí ọ̀sà ni Ìkòròdú wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í tètè gbẹ lára, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ òógùn ló ń tu ara. Ọmọ tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń bínú láìnídìí nínú oòrùn, ìgbóná inú ara rẹ̀ lè ti ju 40°C lọ, kódà kó ṣì máa làágùn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tẹmómítà abíyá. Ó máa ń fi iye tó kéré hàn. Ẹ tù ú lára kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ náà lé e, kí èèyàn mẹ́rin di etí tapólì náà mú sókè, ẹ da omi àti yìnyín sí i, kí ẹ máa mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kí ẹnì kan ṣáà di orí rẹ̀ mú kúrò nínú omi. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Paracetamol inú àpò yín ò wúlò fún irú ooru yìí, ó sì lè ni ẹ̀dọ̀ lára.

Orí: ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí kò rántí ayò tó wà nílẹ̀, tàbí tó kàn ń wò suu, ti jáde fún ọjọ́ náà nìyẹn, bí kò tiẹ̀ dákú. Tó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí gìrì mú un, tàbí tí ọrùn ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni. Tí ọrùn bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú bó ṣe wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á dìde.

Alápò_Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Kí ni kí n kó sínú àpò? Ibo ni mo ti lè kọ́ ọ tí máa fi níwèé?

Olùkọ́_Ìdárayá

Ẹ má fi sípíríìtì sí egbò. Ilẹ̀ oníyanrìn máa ń bó èèyàn lórúnkún, omi mímọ́ ló sì dára jù fún un: ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé igun píọ̀ wọ́tà díẹ̀, ẹ fún un kó tú sí egbò náà títí yanrìn á fi jáde, ẹ wá fi gọ́ọ̀sì bò ó. Ẹ ra ìbọ̀wọ́, báńdéèjì tó ń fà ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7.5 àti 10, aṣọ onígun mẹ́ta fún apá, àti kúlà fún yìnyín. Ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì, bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, ẹni tó mú ọmọ lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ó rí ọmọ tí ẹsẹ̀ kan náà ń yọ lẹ́nu.

Ní ti ìwé, ní Amẹ́ríkà iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú eléré, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é, NATA, ti wà láti 1950. Níbí, àwọn fisió (physiotherapist) ló ń ṣe é. Ẹ lè kọ́ ọ ní Ìbàdàn, Unilag tàbí Ifẹ̀, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MRTB, àjọ tó ń fún àwọn fisió láṣẹ ní Nàìjíríà. NCE yín lè gbé yín dé Human Kinetics (ẹ̀kọ́ nípa ìdárayá) ní Unilag, àmọ́ ìyẹn ò fún yín láṣẹ láti ṣe fisió. Fún ti báyìí, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì Red Cross Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àyà bèbí tí wọ́n fi ń kọ́ni.

Ẹ tún kọ́ FIFA 11+, ìdárayá ìmúra tí wọ́n ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kí eléré má bàa fara pa. Ìṣẹ́jú 20 ni, eré ìdárayá 15: sísá fún ìṣẹ́jú 8, iṣẹ́ agbára àti ìdúró fún 10, sísá lẹ́ẹ̀kan sí i fún 2. Ẹ ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ ìdíje nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe é, kò sì lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá fò tó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni kí ẹ wò: kó dúró gbọn-in lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó má wọ inú. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ le mọ́ ọn jù.

Fisió_Ẹ̀pẹ́

Ẹ bá kóòṣì jókòó kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kó gbà lójú gbogbo ọmọ pé tí alápò bá ti ní kí ẹnì kan jáde, ó ti jáde nìyẹn. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ayò bá wà ní 1-1, kò ní gbọ́.