Ọ̀rọ̀ "olùyílùúpadà" yìí kò wọ̀ mí létí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ti ka ohun tí àbúrò wa kọ láti Lọ́ńdọ̀n, pé "olùyílùúpadà" ni ká máa pe ẹni tó ń jà kí ìlú lè dára. Ó tún kó ajàfẹ́tọ̀ọ́, ajìjàgbara, alátakò àti ọlọ̀tẹ̀ sójú kan, ó ní ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Kí là ń yí padà? Mọ́tò là ń yí padà nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dí ọ̀nà. Ẹni tó yí ìlú padà, ibo ló kọjú ẹ̀ sí? "Tún" lọ̀rọ̀ yìí ń wá. A ń tún ilé ṣe, a ń tún ìwà ṣe, kí ló ṣe atúnlùúṣe? Ẹ má sì fún mi ní "alátùn-únṣe" o. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi níwájú ilé mi, alátùn-únṣe lòun náà.

Olù- yẹn gan-an ń dùn mí. Olùkọ́, olùdarí, olùgbàlà: ó ti ń wá àga tí yóò jókòó lé. A- ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́: apẹja, adájọ́, akọ̀wé. (Mo mọ̀ pé ọ̀gá wa ní Ìbàdàn yóò fi olùṣọ́-àgùntàn, olù- tí kò ní àga, dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.)

Ẹ wo ajìjàgbara: ja ìjà, gba ara. Ara tirẹ̀ ló wà nínú ìdè. Àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá tó wà ní Brazil, tó dìde ní Salvador, ní Bahia, lóṣù kìíní ọdún 1835, ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Gani Fawehinmi kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Agbẹjọ́rò ni, ó sì ń gba ẹjọ́ tálákà rò láìgba kọ́bọ̀. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ nìyẹn, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló ń jà fún. Ìjọba ológun tó ń tì í mọ́lé ni ì bá pè é ní ọlọ̀tẹ̀. Ṣé ẹnu ìjọba ológun la wá fẹ́ máa fi sọ Yorùbá ni?

Ẹnì kan tún ní ká kọ ọ́ ní "ajàfẹ́tọ̀", pé ọ́ ìgbẹ̀yìn yẹn ń fi ààyè ṣòfò. Háà! Jà fún ẹ̀tọ́: ohùn òkè fún ló gorí ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá sún síwájú, ìdí nìyẹn tí a fi fa ọ̀ọ́ gùn. Bí ẹ bá gé e, ẹni tó jà títí tí ìtọ̀ fi ń gbọ̀n ọ́n lẹ kọ yẹn.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Lọ́dún 1968, nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn lè san, ìyẹn 30 ṣílè, Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n pera wọn. Àgbẹ̀ kọ̀ ìyà. Kò sí a-, kò sí olù-, gbólóhùn odidi ni wọ́n fi jórúkọ. Ẹ fi èyí wé "olùyílùúpadà" kẹ́ ẹ wò ó.

Kí n má parọ́, wọ́n ti já atúnlùúṣe tèmi náà jù nù rí. Ìyá àgbà tó bí màmá mi ta àdìrẹ ní Ìtokú ní Abẹ́òkúta, ó sì wà láàárín àwọn obìnrin tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Mo bi í pé ṣé atúnlùúṣe ni ká pè wọ́n. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìlú wo la tún ṣe? Owó orí la ní a ò san." Mo ní kí wá ni wọ́n ń pera wọn. Ó ní, "Obìnrin Ẹ̀gbá."

Ní ti àmì ohùn, n kò ní dá ẹni tó fẹ́ gé ọ̀ọ́ lóhùn mọ́, àfi bó bá ka "ajàfẹ́tọ̀" sókè lójú ìyá rẹ̀.