"Dídádúró" ò lè ru ẹrù méjèèjì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí á fi "dídádúró" ṣe orúkọ kan ṣoṣo fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "leave to remain" (àṣẹ tí ìjọba ń fún àjèjì láti máa gbé ní orílẹ̀-èdè wọn) àti "detention" (kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé). Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé níbi méjèèjì, ẹnì kan ló wà lójú kan, ẹlòmíì ló sì láṣẹ lórí wíwà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí àbúrò yín, mi ò fara mọ́ ọn.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Under G níbí, l'Ógbómọ̀ṣọ́, nítòsí LAUTECH. Ìyá kan gbé fóònù wá pé kí n bá òun tẹ lẹ́tà tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ láti London. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó rí "indefinite leave to remain", ó ní, "Mọ́mì, líìfù ni wọ́n fún wọn, líìfù tí ò lọ́jọ́ ìpadà." Ìyá ká ọwọ́ lérí. "Líìfù tí ò lọ́jọ́ ìpadà kẹ̀? Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn!" Mo ní rárá o, ìjọba ibẹ̀ ló ní kó máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn, wọn ò ní bi í mọ́ pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Ló bá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ó ti gba páálí ni ẹ ò tètè sọ?"

Ẹ gbọ́ ohun tí "dá dúró" jẹ́ lẹ́nu ìyá yẹn: ìyà ni. Tọ́ọ̀gì dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ọ̀gá dá òṣìṣẹ́ dúró, kóòtù dá ìdájọ́ dúró. Ẹ tún wá wo ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ògiri sílẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, a ní ó ti ń dá dúró, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti níṣẹ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ kó simi.

Àmọ́ n kò bá ọmọṣẹ́ mi wí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló dọ́gbọ́n bo ọ̀rọ̀ yẹn. "Leave" méjì ló wà, baba wọn yàtọ̀. Ọ̀kan, nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni "lēaf", ìyọ̀ǹda nìyẹn, ó sì bá "love" àti "believe" tan. Òun ló wà nínú lẹ́tà, òun náà ni líìfù àwọn tíṣà: ìyọ̀ǹda láti má wá síbi iṣẹ́. Èkejì ni "lǣfan", ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà sì ni kéèyàn jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́ kù. Bí ẹni tó ń lọ ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà di lílọ fúnra rẹ̀. Ká má rẹ́rìn-ín wọn o. "Fi sílẹ̀" tiwa ńkọ́? Mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, ọmọ á wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá, ẹ fi í sílẹ̀, á máa lọ ilé rẹ̀.

"Let" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín, ẹ ó rí "without let or hindrance". Ìdíwọ́ ni "let" ibẹ̀, látara "lettan". "Lǣtan" ni ti "jẹ́ kí". Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹnu ló sọ wọ́n di ìbejì. (Ẹni tó ní "remand" ti ara "remain" wá, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdápadà ni látilẹ̀: adájọ́ dá ẹni náà padà sí àhámọ́.)

Ohun tí mo fẹ́ kí á máa bi ara wa ni pé: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́? Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ilé ìwòsàn kan kọ "discharged" sínú káàdì rẹ̀. A dé ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ ò ṣí i, ó ní kí á lọ san owó tó kù. Ọjọ́ mẹ́ta la tún lò. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ò há ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn kàn ní ká ṣì dúró ná. Ẹ sọ fún mi, ṣé "dídádúró" nìyẹn? Ìsémọ́ ni mo pè é, n ò sì tíì yí ohùn padà.

Ti àgọ́ ọlọ́pàá tilẹ̀ lófin nínú. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lọ sí kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ méjì bí kò bá sí, àfi tí kóòtù bá rí ìdí fún jù bẹ́ẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá wá kọ ọ́ pé "wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ Ajé", ṣé ojú títì ni àbí sẹ́ẹ̀lì? "Àhámọ́" ti wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò ó.

Fún "leave to remain" tí òfin ìwọlé-wọ̀dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1971 ń lò, mo dábàá "ìyọ̀ǹda ìgbé". Èyí tó lọ́jọ́ ni "ìyọ̀ǹda ìgbé ọlọ́jọ́", "indefinite" á sì di "ìyọ̀ǹda ìgbé aláìlọ́jọ́". Mo rí i pé àwọn kan ti ń kọ "aláìlópin". Irọ́ ni, ó lópin: ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ju ọdún méjì lọ láì padà, ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò dá ọjọ́ fún un ni, kì í ṣe pé kò lè tán.

"Keep", kéèyàn má jẹ́ kí ẹlòmíì lọ, ló ṣì ń dà mí láàmú. "Wọn ò jẹ́ kí n lọ": ajínigbé lè ṣe é fún èèyàn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà sì ń ṣe é tó bá ti ro àmàlà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un, kó mú un wá.

Ìyá ọjọ́ sí, kó tó lọ, ní kí n bá òun fi báírò kọ "PÁÁLÍ" gàdàgbà sórí ìwé náà, kó má baà dàpọ̀ mọ́ bílì iná. Mo kọ ọ́.