Irun òtútù póńì wa ti di dàdá lábẹ́ ikùn, ṣé kí n gé e ni?

Ìyá Mofẹ́, Durham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí. Ní yáàdì tí ọmọ mi ti ń kọ́ ẹṣin gígùn, oní-yáàdì fi póńì Shetland kan sí wa lọ́wọ́ pé kí a máa bá òun mójú tó o ní òpin ọ̀sẹ̀. Pepper lorúkọ rẹ̀. Ọdún 22 ló wà nínú pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ (mi ò ṣàwàdà o, ẹṣin ní pásípọ́ọ̀tì níbí).

Àwọn ẹṣin tó kù ti ń gbọn irun òtútù dànù láti oṣù kejì, tiwa kò tíì bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ikùn, abíyá ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti abẹ́ gọ̀gọ̀, gbogbo ẹ̀ ti di dàdá. Kóòmù kò wọ̀ ọ́ rárá. Bí mo bá fà á, á dẹ etí sẹ́yìn, á yí ọrùn wá, á fẹ́ bù mí lọ́wọ́ jẹ. Oní-yáàdì ní kí n mú sísọ́ọ̀sì kí n gé e dànù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á, torí n kò rí ibi tí irun parí sí tí awọ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n fi omi gbígbóná àti kọndíṣọ́nà fọ̀ ọ́ ni? Àbí òróró kan wà tó lè mú un rọ̀?

Bàbá Ìbejì, Peckham:
Ìyá Mofẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Bábà ni mí, n kò mọ ẹṣin, ṣùgbọ́n irun ni irun ń jẹ́. Èyí tó bá ti dì dé ìdí, ẹni tó ní òun fẹ́ tú u kàn fẹ́ dá ara rẹ̀ lágara ni. Ẹ gbé kílípà, ẹ fá a mọ́lẹ̀, tuntun á hù.

Nọ́ọ̀sì Ẹran, Leeds:
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí kílípà yín jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Irun ẹṣin ki ju ti èèyàn lọ, erùpẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Kíá ni kílípà bábà á gbóná, á sì jó ẹran náà lára. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin gan-an, a máa ń dá a dúró lóòrèkóòrè, a ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ rẹ̀ wò, a ó kán òróró sí i.

Ìyá Mofẹ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́ o. Oṣù kẹta ní Durham, irun bẹ́ẹ̀ kò ní gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rá ara irun yẹn ló ń gba òjò dúró, ọṣẹ á fọ̀ ọ́ kúrò. Irun tó ti dì, tí omi tún wá kàn án, ńṣe ló ń fún mọ́ra sí i.

Sísọ́ọ̀sì náà kọ́. Awọ abíyá ẹṣin kò nípọn. Bí ẹ bá fa irun yẹn, awọ á bá a dìde, òun lẹ ó gé. Mo ti bá dókítà di irú ẹran bẹ́ẹ̀ mú kó lè rán an, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ya irun náà sí méjì kí ẹ wo awọ abẹ́ rẹ̀. Bí èépá bá ń ká pẹ̀lú ìdì irun, tí ojú ibẹ̀ tutù tàbí tó ṣe ọyún, rain scald nìyẹn. Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Dermatophilus congolensis ló ń fà á, ó máa ń ríbi wọlé bí òjò bá ti rẹ awọ pẹ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan ẹṣin mìíràn. Ẹ wá iná náà, kòkòrò inú irun, torí ìparí òtútù ló máa ń pọ̀ jù lára wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ tẹ egungun ìhà rẹ̀. Ẹ má gba ojú gbọ́, irun òtútù máa ń bo rírù ẹran mọ́lẹ̀.

Ìyá Alákẹ́, Ìbàdàn:
Iná ni! Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa ní kékeré, ẹ fi òwú tọ́ kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ fi pa á, ẹ fi aṣọ dì í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹ̀ á ti kú.

Nọ́ọ̀sì Ẹran, Leeds:
Mọ̀mọ́, ẹ dákun, kẹrosíìnì á bó o lára, èyí tó bá sì kù, á lá a sínú. Oògùn iná tí wọ́n ṣe fún ẹṣin wà. Kí ọkàn Mofẹ́ náà balẹ̀, iná ẹṣin kì í gbé orí èèyàn.

Ọmọ Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹṣin tiwa níbí kì í hu irun tó lè dì. Bí a bá ń múra Ojúde Ọba, gọ̀gọ̀ àti ìrù nìkan ló ń fún wa níṣẹ́, òróró àgbọn la sì fi ń tú u. Ṣé kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ikùn ni?

Ẹ̀gbọ́n Aberdeen:
Àbúrò, fún gọ̀gọ̀ àti ìrù, ó dáa. Lábẹ́ ikùn, ẹrọ̀fọ̀ ìlú yìí á lẹ̀ mọ́ ọn, òrí sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn omi fífín tí wọ́n ń tà láti fi tú irun ẹṣin ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ibi tí gàárì àti okùn rẹ̀ ń jókòó sí. Ó máa ń yọ̀. Gàárì á yí, ọmọ á bá a lọ sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹrọ̀fọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ bu cornflour díẹ̀ sí kókó náà, ẹ fi ìka rà á wọ inú. Kí ọwọ́ òsì di ìdí irun mú mọ́ awọ, kí fífà má baà dé ara rẹ̀. Kí ọwọ́ ọ̀tún wá máa ya á láti ṣóńṣó wá sí ìdí, fọ́nrán díẹ̀díẹ̀. Ìka ni o! Kóòmù di ìgbẹ̀yìn. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ki ìka méjì sáàárín kókó àti awọ, ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì tí kò ní ṣóńṣó la kókó náà ní òòró, ẹ má gé e ní ìbú. Á pín sí méjì, ìka á sì lè bá a lọ. Kókó kan tàbí méjì tó fún ọjọ́ kan. Bó bá ti dẹ etí sẹ́yìn, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bá a họ èjìká díẹ̀.

Ẹ má kúnlẹ̀ tì í, ẹ má sì jókòó sílẹ̀. Ẹ lóṣòó, kí ẹ lè tètè sún. Shetland kì í ga ju ínǹṣì 42 lọ, ṣùgbọ́n tó bá ta yín nípàá, ẹ ó mọ̀ pé ẹṣin ni. Durham tí ẹ wà yẹn náà, lẹ́yìn tí òfin ọdún 1842 lé àwọn ọmọdé kéékèèké kúrò nínú ihò èédú, irú wọn ni wọ́n kó wọ ihò láti máa fa kẹ̀kẹ́ èédú. Ẹran líle ni.

Ìyá Mofẹ́, Durham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Cornflour yẹn ṣiṣẹ́! Mo ti tú abíyá òsì tán. Nígbà tó yá, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó dijú, ó ń tòògbé.

Nọ́ọ̀sì, kò sí èépá, n kò rí iná. Àmọ́ mo ka egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ irun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ sínú, bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ yọ sílẹ̀. Irun ara rẹ̀ tó kù gùn, ó sì ń ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Garawa omi rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Oní-yáàdì ní ọjọ́ ogbó ni.

Nọ́ọ̀sì Ẹran, Leeds:
Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́ nìyẹn. Bí ojúmọmọ bá ṣe ń gùn sí i ni ara ẹṣin ń mọ̀ pé àsìkò tó láti jọ̀wọ́ irun. Shetland a máa pẹ́, òmíràn á dé oṣù karùn-ún, kò burú. Ṣùgbọ́n arúgbó tí irun rẹ̀ gùn tó ká, tó ń rù, tó ń mu omi jù, àrùn Cushing ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún. Ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń da họ́mónù jù. Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ẹran á gbà láti fi wọn họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní ACTH. Bó bá jẹ́ òun, wóró pergolide ni yóò máa lò lójoojúmọ́ títí ayé. Kì í wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ń kó o níjàánu. Irun náà, wọ́n á fi kílípà ẹṣin gé e bí ojú ọjọ́ bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ooru má baà pa á, a ó sì máa daṣọ bò ó lálẹ́ tó bá tutù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹsẹ̀. Àrùn yìí máa ń fa laminitis, tí inú pátákò á máa ro ẹran goorogo. Ẹ wò ó bó bá ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, ṣé ó ń ṣẹ́sẹ̀? Ṣé pátákò rẹ̀ gbóná?

Ìyá Mofẹ́, Durham:
Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí òkúta, mo rò pé ìwà rẹ̀ ni. Èmi kọ́ ni mo ni ín o. Ṣé mo lè pe dókítà fúnra mi?

Nọ́ọ̀sì Ẹran, Leeds:
Òfin Animal Welfare Act ti 2006 de ẹni tó ni ẹran, ó sì de ẹni tí ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ dókítà á fẹ́ gbọ́ àṣẹ lẹ́nu oní-yáàdì, orúkọ rẹ̀ náà ni owó máa wà. Ẹ ya fọ́tò Pepper àti ti ẹṣin kan tó ti jọ̀wọ́ irun, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní, kí ẹ sì sọ ti ìrìn yẹn fún un. Laminitis kì í dúró de èèyàn. Kí dókítà tó dé, ẹ má jẹ́ kó jẹ koríko tútù, koríko gbígbẹ ni kí ẹ máa fún un. Abíyá ọ̀tún yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí dókítà bá irun náà bó ṣe wà.